Ìtàn Ẹbí Ni Àyẹ̀wò Àkọ́kọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àrùn Ìlù Ọkàn Tí À Ń Jogún

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àrùn ọkàn kan tí kò bá ẹ̀jẹ̀ ríru tan, tí kò bá ọ̀rá jíjẹ tan, tí kì í sì í dúró de ogbó. Ara òbí ló ti ń bọ́ sí ara ọmọ. Àwọn dókítà ń pè é ní Long QT. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló máa ń bá fínra jù. Ara ẹni tó ní i á le koko, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á mọ́, á máa jẹun, á máa ṣeré, títí di ọjọ́ tó máa ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ohun tí mo bá wá. Nínú àrùn yìí, ẹbí lódindi ni aláìsàn. Ẹni tó ṣubú ni ẹni tí àrùn náà kọ́kọ́ fi ara hàn lára rẹ̀. Bí a bá tọ́jú òun nìkan, tí a fi àwọn tó bá a jẹ ọmọ ìyá sílẹ̀, a ò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìtàn tí àwọn ẹbí sì ń gbé mì, tí wọn kì í fẹ́ kó jáde lẹ́nu, òun ni àyẹ̀wò tó ṣáájú gbogbo àyẹ̀wò.

Ní ọdún 1856, oníṣègùn ará Jámánì kan, Friedrich Ludwig Meissner, kọ ìtàn ọmọbìnrin kan tó jẹ́ adití nílé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní ìlú Leipzig. Ọmọ náà mú nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ síwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n bá a wí lójú gbogbo èèyàn. Kí ìbáwí tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ọmọ méjì ti kú bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́ ṣáájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìjayà, èkejì lẹ́yìn ìbínú ńlá. Ìmọ̀ tó lè dáàbò bo ọmọ náà ti wà nílé lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Láyé ìgbà náà, kò tíì sí oníṣègùn tó mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ojú tó là sí i. Ní ọdún 1957, Anton Jervell àti Fred Lange-Nielsen ní orílẹ̀-èdè Norway kọ nípa tọkọtaya kan tó bí ọmọ mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ adití, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dákú, mẹ́ta sì kú lójijì ní kékeré. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ECG, tó ń ya iná ọkàn sórí ìwé, ti dé, wọ́n sì rí i pé ọkàn àwọn ọmọ náà ń pẹ́ kó tó sinmi lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan. Romano ní Ítálì ní ọdún 1963, àti Ward ní Ireland ní ọdún 1964, tún rí àwọn ẹbí tí etí wọn gbọ́ràn dáadáa tí irú nǹkan yìí ń pa. Láàárín 1991 sí 1996, ọ̀gbẹ́ni Mark Keating àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Utah, l'Amẹ́ríkà, wá àwọn jíìnì tó ń fa àrùn náà kàn.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Iná wẹ́wẹ́ kan ló ń sáré gba inú ọkàn kọjá nígbà ìlù kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń kọjá ni ẹran ọkàn ń súnkì, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Èròjà bíi potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù ló ń gbé iná yìí wọlé, tó sì ń gbé e jáde, láti ojú ihò tíńtìntín tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Lẹ́yìn tí ọkàn bá lù tán, ó gbọ́dọ̀ tú iná náà dànù kó tó lè lù lẹ́ẹ̀kejì, bí onílù ṣe gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹgọ́ sókè kó tó lè tún fi lu awọ. Nínú Long QT, àwọn ihò náà kì í ṣí bó ṣe yẹ, tàbí kí wọ́n má tì bó ṣe yẹ. Ọkàn á pẹ́ kó tó múra tán. Bí ìlù mìíràn bá já lé e lórí lásìkò tí kò yẹ, gbogbo rẹ̀ á dàrú, ọkàn á máa gbọ̀n dípò kó máa lù. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹni náà ti wà nílẹ̀. Bí rúdurùdu yẹn bá parí fúnra rẹ̀, á jí, á gbọn aṣọ rẹ̀, àwọn èèyàn á ní ebi ló ń pa á. Bí kò bá parí, ikú ni.

Ohun tó ń ru àrùn náà sókè yàtọ̀ láti ẹbí kan sí òmíràn. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní LQT1, ìgbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́ ló máa ń jí: eré sísá, bọ́ọ̀lù gbígbá, àti lílúwẹ̀ẹ́ ní pàtàkì. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja á dédé rì lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ará ilé á sì ní odò ló gbà á. LQT2 kórìíra ariwo òjijì: aago tó dédé ké lẹ́bàá ibùsùn, fóònù tó dún láàárọ̀ kùtù, báńgà tí àwọn ọmọdé ń yìn lásìkò ọdún. Obìnrin tó bá ní irú èyí, oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló léwu fún un jù. LQT3 ní tirẹ̀, ojú oorun tàbí ìgbà ìsinmi ló máa ń bá èèyàn. A sùn sílé, a ò jí.

Àwọn kan lè máa rò ó pé àrùn òyìnbó ni mo ń sọ, tàbí pé kò tó nǹkan. Ní Ítálì, Peter Schwartz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ECG fún ọmọ tuntun tó lé ní 40,000, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Nínú ọmọ 2,000, bí ọ̀kan ló ní i. Òbí kan ṣoṣo tó bá ní i ti tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bí, bó ṣe lè jogún rẹ̀ náà ló lè má jogún rẹ̀, ọgbọọgba ni, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Èyí tó ń bá etí dídi rìn ṣọ̀wọ́n ju tàwọn yòókù lọ, torí pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn ọmọ adití, ẹ fetí sí mi níbí: ọmọ tí kò gbọ́ràn láti inú oyún, tó sì ń dákú, kò gbọdọ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan sí i láìṣe ECG.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan á mú ọmọ wá, á ní gìrì ń mú un, tàbí wárápá. Wọ́n ti fún un ní àgbo, wọ́n ti gbé e dé orí òkè àdúrà, àwọn mìíràn ti wà lórí oògùn wárápá fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ, ara lè gbọ̀n lóòótọ́, òun ló ń tan gbogbo èèyàn jẹ. Ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ bi í ni pé: kí ló ń ṣe kó tó ṣubú? Báwo ló ṣe jí? Ẹni tí wárápá mú, lẹ́yìn tó bá ti ta pàǹpà tán, ojú rẹ̀ á rú, á fẹ́ sùn, kò ní mọ ibi tó wà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú á funfun lójú, á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkàn bá sì padà sípò, kíá ló máa ń jí, á mọ orúkọ rẹ̀, á mọ ibi tó wà. Bó bá tún lọ jẹ́ pé ibi eré ìje, inú omi tàbí ìgbà tí àyà rẹ̀ já ló ti ṣẹlẹ̀, kí dókítà fura sí ọkàn.

Ìbéèrè kẹta ló ṣòroó gbọ́ ìdáhùn sí. "Ìyá, ta ló tún máa ń dákú nínú ẹbí yín?" "Kò sí o, dókítà. A ò ní irú ẹ̀ nílé wa." "Ẹni tó kú lójijì ńkọ́, mà, tí ara rẹ̀ yá tẹ́lẹ̀?" Á dákẹ́ díẹ̀. "Háà, àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Odò ló kú sí. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ayé ló ṣe é." Bí ẹ bá tún bi í síwájú, ọmọ ọwọ́ kan wà tó sùn tí kò jí, ẹ̀gbọ́n kan wà tó fi ọkọ̀ kọlu igi lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Nǹkan mẹ́ta tí wọ́n sọ lọ́nà mẹ́ta ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà sì ń ṣàn nínú wọn. Mi ò ní gbogbo àbíkú ni Long QT o. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde àti ibà ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní àbíkú nílẹ̀ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé tí ikú òjijì bá ti ń ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́, ọkàn wà lára ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹbí tó bẹ́ẹ̀? Òkú kì í sọ̀rọ̀ nínú àrùn yìí. Ẹ rántí Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù tó ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí wà nílẹ̀ tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí Long QT bá pa, ọkàn rẹ̀ á mọ́ tónítóní lójú dókítà tó la òkú náà. Àfi kí wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n yẹ àwọn tó kù láyé wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń ka ìwé ECG hàn yín, kó má dà bí awo. Ìwé náà kún fún àpótí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 40. Dókítà á wo ibi tí ìlà ti kọ́kọ́ yà kúrò nílẹ̀ bí ọkàn ti fẹ́ súnkì, ibẹ̀ ni Q. Á tún wo ibi tí òkè róbótó tó gbẹ̀yìn ti padà balẹ̀, ìyẹn ni ìparí T. Àárín méjèèjì ni QT. Ká ní ó ka àpótí 10, QT jẹ́ 400. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá ń sáré, ó yẹ kí QT kúrú, nítorí náà a gbọ́dọ̀ bá eré ọkàn ṣírò rẹ̀. Ká ní àpótí 16 ló wà láàárín ìlù kan àti èkejì, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 0.64. Ìṣirò Bazett, tó ti wà láti ọdún 1920, ní kí a fi square root rẹ̀ pín QT. Square root 0.64 ni 0.8. Bí a bá fi 0.8 pín 400, ó di 500. Iye tó dà bí ire lójú ti di iye ewu.

Síbẹ̀, a kì í tìtorí ìwé kan ṣoṣo pe èèyàn ní aláìsàn. Bí ọkàn bá ń sáré, ìṣirò Bazett máa ń bù lé e. A ó ní kí ẹni náà jókòó, kó mí kanlẹ̀, ká tún un ṣe. Ọkùnrin tó bá kọjá 450, obìnrin tó bá kọjá 460, ó yẹ ká tún un wò. Ẹni tó bá ń jẹ́ 480 sókè léraléra, tí kì í ṣe oògùn tàbí àìtó potásíọ̀mù ló fà á, orúkọ àrùn náà ti bá a. 500 sókè, ewu rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì gbára lé iye tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ sí orí ìwé nìkan. Ní ọdún 2005, Sami Viskin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní ìwé ECG kà. Àwọn ògbóǹtarìgì nípa QT gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n nínú àwọn dókítà ọkàn tí kì í ṣe ògbóǹtarìgì nípa ìlù ọkàn, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tó lè sọ èyí tó gùn àti èyí tí kò gùn nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́ tó wà níbí, ẹ fi ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n.

Bí ẹnì kan bá ti ní i, kí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ rẹ̀ wá ṣe ECG. Níbí ni nǹkan ti díjú díẹ̀: nínú àwọn tó jogún rẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ECG rẹ̀ á mọ́ lójú. A lè ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáré lórí ẹ̀rọ, ká wo QT rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹrin lẹ́yìn tó bá ti dúró, torí ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Àyẹ̀wò jíìnì ló lè parí ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ti rí jíìnì ẹni àkọ́kọ́. Nínú ẹni mẹ́rin tí àrùn náà dájú lára rẹ̀, bí ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa ń rí jíìnì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíìnì yìí kan àwa adúláwọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2002, Igor Splawski, Keating àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kọ nípa àyípadà kan tó wà lára jíìnì SCN5A. Bí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 13 nínú 100 ló ní i, ó sì wà lára àwọn èèyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Ohun tí àwọn baba ńlá wọn gbé sọdá òkun ni. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní i ni ọkàn wọn kò ní dàrú láéláé. Àmọ́ ó ń sọ ọkàn di ẹlẹgẹ́ díẹ̀, bí oògùn tí kò yẹ tàbí àìtó potásíọ̀mù bá wá kún un, ó lè di wàhálà. Gbogbo òṣùwọ̀n tí a fi ń ka jíìnì, ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ọmọ Yorùbá, ì báà wà ní Ìbàdàn tàbí ní London, lè mú èsì wá tí wọn ò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rí i bí gbèsè tí ìmọ̀ ìṣègùn jẹ wá, ó sì yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn àwọn ẹbí tiwa jọ.

Ìtọ́jú wà, kò sì fi gbogbo ara ṣòro. Oògùn bíi nadolol àti propranolol, tó ń dáàbò bo ọkàn lọ́wọ́ ìjayà, ni òpómúléró. Metoprolol kì í ṣiṣẹ́ tó wọn nínú àrùn yìí. Ojoojúmọ́ ni a ń lo nadolol tàbí propranolol, a kì í sì í dá a dúró lójijì nítorí pé ara yá. Kí ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma) sọ fún dókítà kó tó gbà á. Fún LQT3, wọ́n lè fi mexiletine kún un. Bí oògùn kò bá tó, iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti ń gé iṣan tó ń gbé ìjayà lọ sí ọkàn ní apá òsì. Àwọn tí ọkàn wọn ti dáwọ́ dúró rí, wọ́n máa ń gbin ẹ̀rọ ICD sábẹ́ awọ àyà wọn, kó lè fi iná jí ọkàn padà. Irú rẹ̀ ni wọ́n gbìn fún Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark tó ṣubú lórí pápá ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ ohun tó ṣe é ní gbangba. Ẹ̀rọ náà wọ́n gan-an, gbogbo aláìsàn kọ́ ló sì nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni oògùn oníhóró àti ìkíyèsára á tó fún.

Ìkíyèsára yìí ni mo fẹ́ bá àwọn tó ń ta oògùn sọ. Ibà ń ṣe wá lọ́dọọdún, oògùn rẹ̀ sì pọ̀ tó ń mú QT gùn. Halofantrine, tí a mọ̀ sí Halfan, ló burú jù nínú wọn; ìwádìí tí Nosten àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1993 ti fi hàn bó ṣe ń fa QT gùn. Chloroquine ń ṣe é, kínínì ń ṣe é. Kódà lumefantrine tó wà nínú Coartem, ìwé inú páálí rẹ̀ sọ pé kí ẹni tó jogún Long QT má lò ó. Bí ẹ bá wá fi erythromycin kún un fún ọ̀fun dídùn, tí ẹ tún fi oògùn èébì kún un, ewu náà á máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá lọ sí kẹ́míìsì tó ní "ẹ bá mi po oògùn ibà", ó lè gba méjì tàbí mẹ́ta irú wọn sínú ọ̀rá kan. Bó bá ti ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, potásíọ̀mù ara rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú, omi ORS sì di dandan. Ibà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kí dókítà yan èyí tó bá ọkàn aláìsàn mu ni mo wí. Kí orúkọ àrùn yìí wà nínú ìwé, kí ìwé wà nínú àpò, kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún un ní oògùn tàbí gún un lábẹ́rẹ́.

Ọmọ tó ní i kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ omi. Kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀. Bó bá ṣubú tí kò mí, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ sí í da omi lé e lórí tàbí kí wọ́n máa fi ṣíbí ya eyín rẹ̀. Kí ẹnì kan ké sí ìrànlọ́wọ́, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ó kéré tán ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára. Nílẹ̀ Yorùbá, kí ọmọ tó lọ ilé ọkọ, a máa ń ṣe ìwádìí. Ṣé wárápá wà nídìí wọn? Ṣé wọ́n máa ń kú ní kékeré? Ìbẹ̀rù ìwádìí yìí ló ń di ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu, tí wọ́n fi ń ní ọmọ yọ̀ ṣubú ni, tí wọ́n ń fi oògùn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí àlejò. Mo mọ̀ pé ìtìjú náà wúwo. Ṣùgbọ́n àrùn tó ní oògùn kì í ṣe ẹ̀gàn ìdílé. Ọmọbìnrin tó bá lọ sílé ọkọ pẹ̀lú àrùn tí wọn ò sọ, òun ló máa bímọ, òun ló máa jí sí ariwo ọmọ tuntun lóru láìsí oògùn lára. Ẹ sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà kí wọ́n tó bímọ.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ yín bá ti dákú rí níbi eré, nínú omi, tàbí nígbà tí àyà rẹ̀ já, ẹ mú un lọ ṣe ECG, kí ẹ mú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ dání. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ti bàbá àti ti ìyá, ẹ bi wọ́n léèrè gbogbo ẹni tó kú kí ó tó pé ẹni ogójì ọdún, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà lé dókítà lọ́wọ́.